Irinṣẹ́ Ìṣètò fún Ìrìnnà Alálòpẹ́ ní Ìlú Ńlá: Èkó gẹ́gẹ́ bí Àríkọ́gbọ́n

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò àwọn irinṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń lò láti ṣètò ìrìnnà ní ìlú ńlá, ó sì fi ìlú Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tí iṣẹ́ náà tẹnu mọ́ ni pé kò sí irinṣẹ́ ìṣètò tí ó lè rí ju ohun tí a bá kà fún un lọ. Ẹni tí a kò kà, tí a kò sì bi léèrè ní èdè tí ó yé e, kò lè sí nínú ètò, ọ̀nà tí wọ́n bá sì là kò lè bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Iṣẹ́ náà fi hàn pé èdè Yorùbá kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Ara irinṣẹ́ ni. Ní ìparí, ó dábàá ẹ̀kọ́ kan tí olùkọ́ lè kọ́ ní kíláàsì.

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ òótọ́ nínú ìgbésí ayé ẹ̀dá, bẹ́ẹ̀ náà ni ó jẹ́ òótọ́ nínú ìṣètò ìlú. Ní Èkó, ẹnì kan lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé dé etí títì, kí ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá dé ibùdókọ̀, kí ó wọ dánfó tàbí bọ́ọ̀sì BRT, kí ó sì tún fi ẹsẹ̀ rìn dé ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni ó pín ìrìn kan ṣoṣo sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣètò ìrìnnà irú ìlú bẹ́ẹ̀, tí ó wá wo ojú títì nìkan, kò tíì rí ìdajì ohun tí ó yẹ kí ó rí.

Nínú ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlógójì tí ó wà ní Nàìjíríà, Èkó ni ilẹ̀ rẹ̀ kéré jù lọ, síbẹ̀ ó wà lára àwọn tí èrò pọ̀ sí jù lọ. Ohun tí èyí bí ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìlú náà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìnira lásán. Òṣìṣẹ́ tí ó gbọ́dọ̀ kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, tí kò sì padà dé títí àwọn ọmọ fi sùn, ti pàdánù apá kan nínú ìgbésí ayé rẹ̀. Ìyá tí owó ọkọ̀ ń jẹ èrè ọjà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ń pọn omi sínú apẹ̀rẹ̀. Èéfín tí àwọn ọkọ̀ tí ó dúró sójú kan ń tú jáde kì í sì í bi ẹnikẹ́ni bóyá ó ní ọkọ̀ tàbí kò ní kí ó tó wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta ni àpilẹ̀kọ yìí gbìyànjú láti dáhùn. Àwọn irinṣẹ́ wo ni a fi ń ṣètò ìrìnnà? Kí ni irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń rí, kí sì ni kò rí? Kí ni ó kan olùkọ́ èdè Yorùbá nínú rẹ̀?

2.0 Ìtumọ̀ Àwọn Kókó Ọ̀rọ̀

Ìrìnnà, ní ìlò àpilẹ̀kọ yìí, ni gbogbo ọ̀nà tí ènìyàn àti ẹrù ń gbà ti ibì kan dé ibòmíràn nínú ìlú: ẹsẹ̀, kẹ̀kẹ́, ọ̀kadà, ọkọ̀ èrò, ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ojú omi. Irinṣẹ́ ìṣètò kì í ṣe ọkọ́ tàbí àdá. Ó jẹ́ ọ̀nà tí a ń gbà mọ ohun tí ó wà nílẹ̀, tí a ń gbà fojú inú wo ohun tí ń bọ̀, tí a sì ń gbà yan ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Ìkànìyàn, àwòrán ilẹ̀, ìṣirò, ìpàdé àti òfin wà lára wọn.

Ìrìnnà alálòpẹ́ ni èyí tí ìran òní lè lò láìba ti ìran ọ̀la jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ ṣe é san fún mẹ̀kúnnù, kò gbọdọ̀ ba afẹ́fẹ́ jẹ́, àwọn tí wọ́n ń bójú tó o sì gbọ́dọ̀ lè máa bá a lọ lẹ́yìn tí ìjọba kan bá ti lọ. Ní Jámánì, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ni ìlànà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ti jáde nípa èyí. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí a dín ìrìn tí kò pọn dandan kù. Èkejì ni kí a mú kí àwọn èrò kúrò nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bọ́ sínú ọkọ̀ èrò tàbí kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ rìn. Ẹ̀kẹta ni kí a tún ọkọ̀ àti epo tí ó ń jó ṣe. Ní 2013, European Commission gbé ìwé ìtọ́nisọ́nà kan jáde fún àwọn ìlú Yúróòpù, èyí tí ó fi ènìyàn, kì í ṣe ọkọ̀, ṣe ìpìlẹ̀ ìṣètò.

3.0 Ohun Tí Ojú Èkó Ti Rí

Èkó kò ṣàìní ètò rí. Ní 1983, nígbà ìṣèjọba Alhaji Lateef Jakande, wọ́n fi ìpìlẹ̀ ọkọ̀ ojú irin inú ìlú tí wọ́n pè ní Metroline lélẹ̀. Ìjọba ológun gba ìjọba ní òpin ọdún náà, ní 1985 wọ́n sì fagi lé iṣẹ́ náà. Owó tí ó ti bá a lọ ju mílíọ̀nù 78 dọ́là lọ. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ètò tí ó so mọ́ ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo yóò bá ẹni náà kúrò lórí àga.

Ní 2002, ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin dá àjọ LAMATA sílẹ̀ láti máa ṣètò ìrìnnà, Báńkì Àgbáyé sì fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 100 dọ́là fún iṣẹ́ ìrìnnà ìlú náà. Nígbà tí ó di ọjọ́ 17 oṣù kẹta 2008, bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22. Ní 2015, ọ̀nà náà gùn dé Ìkòròdú. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù, láti Marina dé Mile 2, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 2023. Aláwọ̀ pupa, láti Agbádó dé Òyìngbò, tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá 2024.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Láti 1983 dé 2023 jẹ́ ogójì ọdún. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ Metroline lélẹ̀ ti di bàbá tàbí ìyá ọlọ́mọ kí ojú irin tí ìpínlẹ̀ náà fúnra rẹ̀ là tó gbé èrò àkọ́kọ́. Ohun tí ó yàtọ̀ lẹ́yìn 2002 kì í ṣe owó nìkan. Àjọ kan wà tí ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, tí ìwé ètò rẹ̀ kò bá gómìnà lọ sílé. Òfin tí ó dá irú àjọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ni irinṣẹ́ tí ó ń dáàbò bo àwọn irinṣẹ́ yòókù.

4.0 Àwọn Irinṣẹ́ Ìṣètò

4.1 Ìkànìyàn

Ìpìlẹ̀ gbogbo ètò ni iye ènìyàn. Ní ìkànìyàn 2006, àjọ ìjọba àpapọ̀ kéde pé èrò ìpínlẹ̀ Èkó fi díẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́sàn-án lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kò gbà. Ìkànìyàn tí àwọn náà ṣe fi hàn pé iye náà ju mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìjà owó àti òṣèlú nìkan ni èyí. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe é ní àpẹẹrẹ pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan jáde lọ, kí ó sì padà wálé, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ìkà àkọ́kọ́ yóò fún ìlú ní ìrìn mílíọ̀nù 18, èkejì yóò fún un ní mílíọ̀nù 34. Ẹni tí ó bá ra bọ́ọ̀sì fún mílíọ̀nù 18 nígbà tí èrò jẹ́ ti mílíọ̀nù 34 kò ní láti wá àlàyé lọ jìnnà nígbà tí àwọn èrò bá ń fi ìgbápá gbá ara wọn ní ibùdókọ̀.

4.2 Ìwádìí láti ilé dé ilé

Iye ènìyàn nìkan kò tó. Olùṣètò gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n ń lọ, ìgbà tí wọ́n ń lọ, ohun tí wọ́n ń wọ̀ àti iye tí wọ́n ń san. Àwọn olùwádìí a máa lọ láti ilé dé ilé láti béèrè nǹkan wọ̀nyí, wọn a sì tún dúró sí ẹ̀bá títì láti ka ọkọ̀. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín méjèèjì. Ẹni tí ó ń ka ọkọ̀ ní ẹ̀bá títì yóò ka dánfó kan bí ọkọ̀ kan, yóò sì ka jíìpù tí ẹnì kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀ bí ọkọ̀ kan pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń fẹsẹ̀ rìn, òfo ni. Àwọn ìwádìí ilé dé ilé tí wọ́n ṣe ní Èkó ni ó jẹ́ kí ó hàn pé nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo ìrìn inú ìlú náà ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé ní 2018 ìpínlẹ̀ náà ṣe ìlànà fún àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn àti àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́.

Lónìí, káàdì Cowry tí èrò ń lò nínú bọ́ọ̀sì BRT àti ọkọ̀ ojú irin ń ṣe apá kan iṣẹ́ ìkà yìí, nítorí ó ń fi ibi àti àkókò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọkọ̀ hàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wọ dánfó, tí ó fi owó sí kọ̀ndọ́ lọ́wọ́, kò sí nínú àkọsílẹ̀ náà.

4.3 Ìṣirò ìgbésẹ̀ mẹ́rin

Ní àwọn ọdún 1950, ní ìlú Detroit àti Chicago ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí ayé ṣì ń lò. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni ó ní. Àkọ́kọ́, ìrìn mélòó ni ó ń ti àdúgbò kọ̀ọ̀kan jáde? Èkejì, àdúgbò wo ni wọ́n ń lọ? Ẹ̀kẹta, kí ni wọ́n ń wọ̀ lọ? Ẹ̀kẹrin, ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà? Bí ìdáhùn bá ti wà, kọ̀ǹpútà lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá la títì tuntun, tàbí bí owó ọkọ̀ bá lé sí i.

Irinṣẹ́ yìí lágbára, ṣùgbọ́n ibi tí a ti rọ ọ́ hàn lára rẹ̀. Ìlú tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbòde ni wọ́n ṣe é fún, nítorí náà ìrìn ẹsẹ̀ kì í sábà sí nínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá gbé e wá sí Èkó láìtún un ṣe, yóò máa dámọ̀ràn afárá fún ìlú tí ó nílò ẹ̀bá títì tí ènìyàn lè gbà rìn.

4.4 Ìlò ilẹ̀

Ní Curitiba, ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì, níbi tí ọ̀nà bọ́ọ̀sì àkànṣe ti bẹ̀rẹ̀ ní 1974, wọn kò ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì lásán. Wọ́n fi òfin darí ilé gíga àti ilé iṣẹ́ sí ẹ̀bá àwọn ọ̀nà náà, kí èrò lè wà nítòsí ọkọ̀. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wà ní Erékùṣù, ibùgbé mẹ̀kúnnù sì ń sún lọ sí Ìkòròdú, Agbádó àti kọjá ààlà ìpínlẹ̀ dé Ọ̀tà, Ìfọ̀ àti Mowé ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹni tí ó ń gbé Ìfọ̀ tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Marina kò mọ ààlà. Owó ọkọ̀ nìkan ni ó mọ̀. Nítorí náà, àwòrán ilẹ̀ tí ó bá parí sí ààlà ìpínlẹ̀ ti gé orí ìlú kúrò lára rẹ̀.

4.5 Ìfikùnlukùn

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ṣáájú 2008, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ni wọ́n jẹgàba lórí ọ̀nà Mile 12 sí CMS. Dípò kí wọ́n lé wọn kúrò, wọ́n pè wọ́n sí ìjíròrò, ẹgbẹ́ náà sì dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀ tí ó wa bọ́ọ̀sì BRT àkọ́kọ́. Àwọn tí wọn ì bá dojú ìjà kọ ètò náà di ara àwọn olówó rẹ̀.

Ti ọ̀kadà yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n fi òfin dè é ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2020, ìdí tí wọ́n fún un ni ààbò ẹ̀mí, kò sì sí ẹni tí ó rí àwọn tí ọ̀kadà ti ṣe léṣe tí yóò sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní ìdí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fẹsẹ̀ rìn ọ̀nà jíjìn, nítorí ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀ láti ilé dé ibùdókọ̀ kò tíì tó. Ohun tí ó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ni ó kọ sí ẹlòmíràn. Irinṣẹ́ ìṣètò tí ó péye ì bá ti ka ìrìn kúkúrú wọ̀nyí kí òfin tó jáde.

5.0 Èdè gẹ́gẹ́ bí Irinṣẹ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan olùkọ́ Yorùbá gan-an nìyí. Ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè fún ìwádìí ìrìnnà ni wọ́n ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, tí olùwádìí yóò sì máa túmọ̀ rẹ̀ lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà onílé. Ẹ jẹ́ kí a wo ìbéèrè mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni: "Ìrìn-àjò mélòó ni ẹ rìn lánàá?" Ní etí Yorùbá, ìrìn-àjò jẹ́ lílọ sí ọ̀nà jíjìn, ẹni tí ó lọ sí Ìbàdàn tàbí Mẹ́kà ni ó rin ìrìn-àjò. Ìyá tí ó mú ọmọ lọ sí iléèwé láàárọ̀, tí ó lọ sí ọjà Mushin, tí ó padà wálé, tí ó tún lọ rọ epo ìdáná, yóò dáhùn tọkàntọkàn pé, "Mi ò rin ìrìn-àjò kankan lánàá." Olùwádìí yóò kọ òfo sílẹ̀. Ìyá náà kò parọ́, olùwádìí kò sì ṣe èrú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó pa gbogbo ìrìn rẹ̀ rẹ́. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni: "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ jáde nílé lánàá? Níbo ni ẹ kọ́kọ́ lọ? Kí ni ẹ wọ̀ débẹ̀, àbí ẹsẹ̀ ni ẹ fi rìn?"

Èkejì ni: "Ènìyàn mélòó ni ó wà nínú ilé yìí?" Ilé lè jẹ́ yàrá kan, ó lè jẹ́ ilé onílé gbọọrọ tí ìdílé mẹ́wàá ń gbé, ó sì lè jẹ́ agbo ilé. Bí olùwádìí kan bá gbọ́ ọ bí yàrá, tí òmíràn sì gbọ́ ọ bí agbo ilé, ìkà wọn kò ní bára mu láé. Ó sàn kí wọ́n béèrè pé, "Àwọn mélòó ni ẹ jọ ń jẹun láti inú ìkòkò kan náà?"

Ẹ̀kẹta ni: "Wákàtí mélòó ni ẹ lò nínú ọkọ̀?" Ẹni tí ó bá dúró de ọkọ̀ fún wákàtí kan kí ó tó lo ìṣẹ́jú ogún nínú rẹ̀ yóò dáhùn pé ìṣẹ́jú ogún ni. Ìdúró náà kò sí nínú ọkọ̀. Ìbéèrè méjì ni ó yẹ: "Aago mélòó ni ẹ kúrò nílé? Aago mélòó ni ẹ débẹ̀?"

Ó hàn gbangba nínú àpẹẹrẹ wọ̀nyí pé àṣìtúmọ̀ kì í ṣe àṣìṣe gírámà nìkan. Àwọn tí ó ń pa rẹ́ kúrò nínú ìwé ni obìnrin, ọmọdé, arúgbó àti tálákà, nítorí àwọn ni ìrìn wọn kúrú, tí ó sì jẹ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín jù lọ.

6.0 Àbá fún Ìdánilẹ́kọ̀ọ́

Olùkọ́ lè fi ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú ogójì kan kọ́ èyí ní ìpele kejì iléèwé girama, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ lórí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Èròǹgbà ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe ìbéèrè tí kò ní pọ́nna ní èdè Yorùbá, kí ó sì lè ṣàlàyé ohun tí ìdáhùn fi hàn.

(i) Olùkọ́ yóò kọ́kọ́ bi kíláàsì pé, "Ta ni ó rin ìrìn-àjò lánàá?" Yóò ka ọwọ́ tí ó bá nà sókè, yóò sì kọ iye rẹ̀ sójú pátákó.

(ii) Yóò wá béèrè pé, "Ta ni ó jáde nílé lánàá?" Yóò kọ iye yìí sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ni yóò ṣàlàyé ìdí tí iye méjèèjì kò fi dọ́gba.

(iii) Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yóò ya àtẹ olópòó márùn-ún: ibi tí mo lọ, aago tí mo kúrò, aago tí mo dé, ohun tí mo wọ̀, iye tí mo san. Yóò kọ gbogbo ìjáde rẹ̀ ti àná sínú rẹ̀.

(iv) Ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, wọn yóò ṣírò iye ìjáde tí ó jẹ́ ti ẹsẹ̀, ti ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá, ti ọkọ̀ èrò àti ti ọkọ̀ ilé ẹni.

(v) Gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣetiléwá, wọn yóò lo ìbéèrè kan náà fún àgbàlagbà kan nílé, pẹ̀lú ìkíni àti ẹ̀yà arọ́pò-orúkọ ọ̀wọ̀ tí ó yẹ, wọn yóò sì kọ àròkọ kúkúrú lórí ibi kan tí ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ tún ṣe.

Olùkọ́ tí kò sí ní Èkó kò ní láti wá Èkó lọ. Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́ àti Ìlọrin ń gbòòrò, ohun tí wọ́n bá sì kà lónìí ni yóò pinnu irú ìlú tí wọn yóò dà.

7.0 Ìkádìí

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé ìkànìyàn, ìwádìí, ìṣirò, ìlò ilẹ̀ àti ìfikùnlukùn ni àwọn irinṣẹ́ pàtàkì fún ìṣètò ìrìnnà, àti pé òfin àti àjọ tí ó dúró ṣinṣin ni kì í jẹ́ kí wọ́n ṣòfò. Ìtàn Metroline fi ohun tí àìsí irú àjọ bẹ́ẹ̀ ń fà hàn. Ti BRT 2008 fi èrè ìfikùnlukùn hàn. Ti ọ̀kadà 2020 sì fi ìyà tí ń jẹ ẹni tí a kò kà hàn.

Ó tọ́, nígbà náà, kí àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ bá àwọn àjọ ìrìnnà ṣiṣẹ́ pọ̀ láti ṣe ìwé ìbéèrè tí ó yé ará ilé, kí wọ́n sì kọ́ àwọn olùwádìí bí a ti ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àgbà. Afárá àti ojú irin gba ọ̀pọ̀ owó. Ìbéèrè tí ó tọ́ kò gbà ju ìrònú lọ, síbẹ̀ òun ni yóò sọ bóyá ìyá tí ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà Mushin láàárọ̀ àná wà nínú ètò, tàbí kò sí níbẹ̀.